Fiat Kékeré Ojú Ọ̀nà Addo: Ta Ló Ni Ọkọ̀ Gan-an?

Mo ti dé láti ìrìn-àjò, mo sì gbé ẹjọ́ kan bọ̀ fún yín. Kì í ṣe ẹjọ́ ọkọ àti ìyàwó, kì í sì í ṣe ti orogún. Ẹjọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ni, ọkọ̀ tí kò ga ju àyà ọkùnrin lọ.

Àna mi kan ló kọ́lé sí Addo, ó ní kí n wá bá òun ṣí i. Addo tí mo ń wí yìí, kì í ṣe Adó-Èkìtì o, kì í sì í ṣe Adó-Odò. Èyí tó wà lẹ́yìn Ajah ni, ní Etí-Ọ̀sà l'Ékòó níbí, lójú ọ̀nà tó lọ já sí Badore, níbi tí ilẹ̀ ti parí tí ọ̀sà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀bálẹ́ńdé ni mo ti wọ bọ́ọ̀sì, ó di abẹ́ afárá Ajah tí wọ́n ṣí ní 2017. Tẹ́lẹ̀, ọ̀kadà ni èèyàn ì bá gùn wọ Addo, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin dè é ní Etí-Ọ̀sà. Kọ́rọ́pé ni mo wọ̀. A há sínú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n di iṣu sínú àpò, ẹsẹ̀ mi kan tiẹ̀ wà lórí àpótí ẹja ìyá kan.

Lójú ọ̀nà yẹn, ọ̀tún ilé, òsì ilé. Ẹni tó ń ta búlọ́ọ̀kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń yan ẹja. Ohun tí ojú mi rí jù ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri, pé ilé náà kì í ṣe títà, kí aráyé ṣọ́ra fún gbájú-ẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó jókòó tì mí rí i pé mò ń kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ní apá ibí yìí, ẹlòmíràn ní ìwé, kò ní ilẹ̀. Ẹlòmíràn ní ilẹ̀, kò ní ìwé. Ẹni tó bá ní méjèèjì, kó máa dúpẹ́." Mo bá a rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo máa gbé relé lọ́jọ́ náà nìyẹn.

A ò tíì dé ibi tí mò ń lọ nígbà tí táyà ọkọ̀ wa bẹ́, gbàù! Dẹ́rẹ́bà rọra wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kan lẹ́nu ọgbà àwọn mẹkáníìkì. Ibẹ̀ ni mo ti rí i.

OJÚ Ọ̀PỌ̀LỌ́, Ẹ̀YÌN AHUN

Ọkọ̀ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo kọ́kọ́ rò pé ohun ìṣeré ọmọ olówó ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣù rogodo bí igbá ahun, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, ó sì funfun bí ògì. Mo na ọwọ́ sí i, ni panẹbítà tó jókòó lábẹ́ igi furúùtù bá kígbe:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án! Ọ̀dà ẹ̀ ò tíì gbẹ dáadáa."

Mo ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dà?" Torí pé bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú ṣí sílẹ̀, táǹkì epo àti bátìrì nìkan ni mo sì rí níbẹ̀.

Ó dìde, ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ fún mi. "Òun nìyí. Sìlíńdà méjì péré. Kò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára. Ẹ bá a há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ajah látàárọ̀ dalẹ́, kò sómi tó máa hó lórí ẹ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkọ̀ yìí fún yín ní ṣókí. Àwọn ará Ítálì ló ṣe é, ilé-iṣẹ́ Fiat tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Turin ní 1899. Nígbà tí ogun Hítílà parí, owó kò sí lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù ilẹ̀ wọn. Vespa ni ọ̀pọ̀ wọn ń gùn, Vespa yẹn náà tí àwọn tíṣà wa gùn nílẹ̀ Yorùbá. Bàbá wà níwájú, ìyá wà lẹ́yìn, ọmọ wà láàárín, òjò ń pa gbogbo wọn. Ẹnjiníà Fiat kan, Dante Giacosa, ló wá ronú ọkọ̀ tí owó wọn á ká, tí òjò ò sì ní máa pa wọ́n. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1957 ni Fiat 500 yìí jáde. Gígùn rẹ̀ kò pé mítà mẹ́ta. Agbára ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ kò ju ti ẹṣin mẹ́tàlá lọ. Aṣọ ni wọ́n fi ṣe òrùlé rẹ̀ tó ń ká sẹ́yìn. Kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1975, wọ́n ti ṣe èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin. Lónìí àwọn òyìnbó ń gbé e gẹ̀gẹ̀. Ní 2017, Museum of Modern Art ní New York mú ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní 1968 sínú àwọn iṣẹ́ ọnà tí wọ́n kó pamọ́. Mọ́tò mẹ̀kúnnù ti di ohun àfihàn.

Èyí tó wà ní Addo, 1967 ni wọ́n ṣe é. Ọmọ Nàìjíríà ni, bí ẹ bá fẹ́ mọ òtítọ́, nítorí ohun tójú ẹ̀ rí nílẹ̀ yìí, ojú ẹni kan kò rí i ní Turin.

ÀWỌN MÉJÌ TÓ JÓKÒÓ LÓRÍ BẸ́ŃṢÌ

Lábẹ́ igi furúùtù yẹn, àwọn méjì jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n kọ síra wọn. Ọ̀kan jẹ́ bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó gbé agolo bísíkíìtì ńlá kan lé itan. Ìkejì jẹ́ tíṣà ilé-ìwé, tó ń gbé ní ìtòsí Langbasa. Panẹbítà tẹ́nu mọ́ mi létí pé, "Ìjà ọkọ̀ ni wọ́n wá parí. Èmi ò mọ ẹni tí màá gbé kọ́kọ́rọ́ fún, ilẹ̀ sì ti ń yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ tèmi náà. Ẹbí tó fún wa nílẹ̀ yìí ti tà á fún ẹlòmíràn. Tóṣù bá parí, gbogbo wa ń lọ."

Mo jókòó. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó síbi tí ẹjọ́ bá wà.

Bàbá ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan ló ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ olóyìnbó kan ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ní 1970, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ó wọ ọkọ̀ ojú omi Aureol ní Liverpool, òun àti Fiat rẹ̀, ó di Àpápá. "Mo wà ní wáàfù lọ́jọ́ yẹn," ni Bàbá wí. "Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí wọ́n fi kéréènì sọ ọ́ kalẹ̀, àwọn alábàárù rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ìyá ẹ̀ dà."

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ìjọba yí ojú ọ̀nà padà. Títí di àárọ̀ ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, bíi ti Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọjọ́ náà lọ, ọwọ́ ọ̀tún ni. Sítíárì Fiat yìí wà lápá ọ̀tún, ẹni tó jókòó lápá òsì kò ní nǹkan kan níwájú. Bàbá ní, "Èmi ni mo máa ń jókòó lápá òsì. Àwọn èèyàn á rí mi, wọ́n á rò pé èmi ni dẹ́rẹ́bà, pé mò ń wakọ̀ láìsí sítíárì! Ìyá kan lórí afárá Carter ké Jésù lọ́jọ́ kan."

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ra ohun èlò sítíárì ní Kútọnu, nítorí àwọn ará ibẹ̀ ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mẹkáníìkì kan ní Yábàá ló bá a gbé sítíárì lọ sápá òsì. Ihò tó ṣẹ́kù lápá ọ̀tún, irin tí wọ́n gé lára agolo ni wọ́n fi dí i.

Bí Bàbá ti sọ èyí, panẹbítà fò dìde. "Agolo! Mo rí i! Mo bi ara mi pé wèrè wo ló lẹ agolo mọ́bí. Mi ò yọ ọ́ o, mo kùn ún lọ́dà ni." Ó mú iná tọ́ọ̀ṣì wá. A tẹ ẹ̀yìn wò ó níkọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá ọ̀tún, agolo náà wà níbẹ̀. Bàbá fi ìka kàn án, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

NỌ́ŃBÀ LÓ MÚ MÀMÁ RA Á

Tíṣà náà wá sọ tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Balógun, ó sì ní Volkswagen kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà á rántí 1977, nígbà tí gbogbo Èkó di pa, tí ìjọba ológun pín ọjọ́ fún nọ́ńbà ọkọ̀. Ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe é pín sí méjì ní ọjọ́ tirẹ̀, èyí tí kò ṣe é pín ní ọjọ́ tirẹ̀. Kí ni àwọn ará Èkó ṣe? Ẹni tówó rẹ̀ ká a lọ ra ọkọ̀ kejì tó ní nọ́ńbà òdìkejì! Òfin tí wọ́n fi dín ọkọ̀ kù sọ ọkọ̀ di púpọ̀.

Nọ́ńbà Volkswagen Màmá parí sí mẹ́rin. Aládùúgbò wọn, ẹ̀gbọ́n Bàbá yìí, ti ra Peugeot 504, Fiat rẹ̀ tí nọ́ńbà ẹ̀ parí sí méje sì wà nílẹ̀. Ẹgbẹ̀ta náírà ni wọ́n jọ sọ ọ́ sí. Màmá san irinwó, igba náírà ṣẹ́kù. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ṣẹ́ẹ̀tì kan. Wọ́n ní bó bá san ìyókù, wọn á gbé ìwé ọkọ̀ fún un, wọn á sì yí orúkọ padà.

Ó wá ku díẹ̀ kí Màmá san án, ni ẹni tó tà á bá kú ní 1979. Màmá gbé owó lọ. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ṣì ń ṣẹ̀ wọ́n, kó má dárúkọ owó. Nígbà tó máa padà lọ, opó ti kó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú àwọn ọmọ. Báyìí ni ọkọ̀ ṣe wà lọ́wọ́ Màmá, tí ìwé ọkọ̀ sì wà nínú agolo bísíkíìtì ní Ìjẹ̀bú.

Màmá wa Fiat yẹn títí di 1986, ọdún tí SAP dé, tí náírà wó lulẹ̀, tí owó pààtì ọkọ̀ di ohun tí à ń fi ojú rí tí ọwọ́ ò tó. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọlẹ̀. Wọ́n tì í sẹ́yìnkùlé, adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Nígbà tí Màmá kú, tíṣà kó ẹrù wá sí Addo, ó sì fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé egungun Fiat náà tẹ̀lé ara. Ìyàwó rẹ̀ ní bóyá orí ẹ̀ ti dàrú.

IYỌ̀ LÓ JẸ Ẹ́

Ẹ wo Addo dáadáa. Òkun ńlá wà lápá kan, ọ̀sà wà lápá kejì. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ níbẹ̀, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Iyọ̀ ní tirẹ̀, omi ló ń fà mọ́ra, kì í jẹ́ kí irin gbẹ. Panẹbítà ní, "Ẹ má wo ìta ọkọ̀. Inú ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí omi ti wọlé tí kò rọ́nà jáde. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sínú ẹ̀, ìdí mi kanlẹ̀. Mi ò pàṣamọ̀ o, ilẹ̀ ọkọ̀ ti jẹ tán!"

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Tíṣà á san díẹ̀ nínú owó oṣù, panẹbítà á ṣe díẹ̀. Wọ́n gé gbogbo ilẹ̀ ọkọ̀ kúrò, wọ́n fi irin tuntun sí i, wọ́n sì da ọ́ìlì dúdú tí wọ́n yọ látinú ẹ́ńjìnnì mìíràn sínú gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, kí iyọ̀ má tún rí i jẹ. Wọ́n wá táyà kékeré rẹ̀ dé Ládiípọ̀, wọn ò rí i. Ẹ̀gbọ́n tíṣà obìnrin tó ń gbé ní Ítálì ló fi táyà àti rọ́bà fèrèsé ránṣẹ́, òun ló sì ra rín-ìn-gì písítìnnì. Wọ́n ṣì ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ yìí tuntun níbẹ̀ dòní, nítorí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ pọ̀. Wọ́n tiẹ̀ ní ẹgbẹ́ ńlá kan ní ìlú Garlenda, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1984.

Mo bi tíṣà pé èrè wo ló wà níbẹ̀. Ó dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rántí 2023, nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí epo fò láti abẹ́ igba náírà kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta? Mo pa ọkọ̀ ńlá mi tì. Líta márùn-ún tàbí díẹ̀ lé lèyí máa mu fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Àmọ́ ká sọ tòótọ́, nítorí Màmá ni. Inú ẹ̀ ló fi ń gbé wa lọ sílé-ìwé."

IGBA NÁÍRÀ

Nígbà tí ọkọ̀ dára tán ni wàhálà dé. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ sójú títì gbọ́dọ̀ ní ìwé. Tíṣà wá ẹbí ẹni tó tà á lọ sí Ìjẹ̀bú, ó rí Bàbá. Inú Bàbá dùn, ó fi àwòrán ọkọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókè òkun. Àwọn yẹn wo iye tí wọ́n ń tà á ní Yúróòpù, ojú wọn là. Wọ́n ní orúkọ Dádì wọn ló wà nínú ìwé, Màmá yẹn kò sanwó tán, kí wọ́n gba ọkọ̀ wá kí wọ́n tà á. Tíṣà náà fèsì pé ẹni bá fẹ́ gbà á, kó kọ́kọ́ san owó tí òun fi tún un ṣe fọ́dún mẹ́ta. Ohun tó gbé wọn dé orí bẹ́ńṣì nìyẹn.

Mo ní kí n dá sí i. Mo ní, "Bàbá, igba náírà ọdún 1977, èló ni lónìí?" Torí lọ́dún náà, náírà kan lágbára ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Lónìí igba náírà kò lè ra búrẹ́dì gidi kan. Bí a bá kà á bó ṣe wà nínú ìwé, ẹ̀sín ni. Bí a bá kà á ní dọ́là, tíṣà máa ta ilé.

Tíṣà kò fèsì. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú ìdì kékeré kan jáde, áńkáṣíìfù tí wọ́n ta ní kókó. Ó ní, "Bàbá, inú àpótí Màmá ni mo ti bá èyí, òun àti ìwé ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Mi ò tú u rí lójú ẹnikẹ́ni."

Bàbá tú u. Ogún náírà mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, oní-Múrítàlá, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1977. Igba náírà géérégé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà láyé ní 1984 mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìjọba Bùhárí pa àwọ̀ owó dà ní oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n fún aráàlú ní ọjọ́ díẹ̀ láti pààrọ̀ èyí tó wà lọ́wọ́. Èyí tí wọn kò bá pààrọ̀ di bébà. Màmá pààrọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò tú ìdì yẹn. Tíṣà ní ìgbà tí òun bi í, ó ní owó olówó ni, òun kò ní í ṣí owó olówó.

Gbogbo ọgbà dákẹ́. Fọkanáísà tó ń lu táyà wa dáwọ́ dúró. Bàbá ka owó náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó ṣí agolo bísíkíìtì, ó kó owó sínú rẹ̀, ó sì yọ ìwé ọkọ̀ tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ jáde.

Ó ní, "Ọmọ mi, ìyá rẹ sanwó tán. Ó pẹ́ ni, kò jẹ gbèsè. Gba ìwé rẹ. Màá fọwọ́ sí i pé a tà á fún un."

Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn. Ó ní, "Bàbá, àwọn ọmọ òkè òkun yẹn ńkọ́?"

"Ẹni tó bá ní owó náà ò pé, kó wá kà á lọ́dọ̀ mi. Kóun náà wá sọ fún mi ìgbà tó fọ ọkọ̀ yẹn gbẹ̀yìn."

Wọ́n ní kí Bàbá wọlé. Fiat yìí kì í fi kọ́kọ́rọ́ nìkan dá iná. Irin kékeré kan wà nílẹ̀ láàárín ìjókòó méjèèjì tí èèyàn gbọ́dọ̀ fà sókè. Tíṣà fà á lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó wúkọ́, ó wá gbà á, tùkù-tùkù-tùkù bí ẹ̀rọ ìlọta. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tẹ̀ lé e lọ sápá Badore. Apá ọ̀tún ni Bàbá jókòó sí lọ́tẹ̀ yìí, níwájú agolo tí wọ́n fi dí ihò.

Táyà wa ti dé. Mo dé ilé àna mi, wọ́n ti jẹ ìrẹsì tán, mi ò bínú.

Èyí tí mo rí ni mo sọ. Ìwé ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ ẹbí kan, ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ ẹbí kejì. Ní tèmi, àwọn méjèèjì ì bá kú síwájú adájọ́ ká ní ìyá kan kò di owó olówó sínú áńkáṣíìfù, ká ní bàbá kan kò sì mọ iyì owó tí ọjà ò gbà mọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa sọ pé Bàbá ta ogún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́pọ̀. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà sí Olóòtú, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìdájọ́ yín. Bí Fiat bàbá yín bá sì wà lẹ́yìnkùlé tí adìẹ ń yé sínú rẹ̀, ẹ tètè lọ wo abẹ́ rẹ̀ kí iyọ̀ tó jẹ ẹ́ tán.

Ó dìgbà kan ná o.